Iṣẹ́ Tí Mẹkáníìkì Rán Mi sí Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi ló máa ń jí wa ní Ikosi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ lónìí lè má gbà mí gbọ́ tí mo bá ní oko ẹ̀gẹ́ ló yí ilé wa ká nígbà náà, àti pé ọjà Mile 12 kò tíì rí bó ṣe rí yìí. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kan kó àlùbọ́sà wá láti ìlú òkè, ìyá mi sì ń tà á ní Ketu. Ọkọ̀ náà kì í mu bẹntiróòlù, dísù ló ń mu, ohùn rẹ̀ sì wúwo débi pé abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù máa ń gbọ̀n tó bá ti jí.

Ilé wa wà lórí òkè díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà wa, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ lọ títí dé àkùrọ̀. Ìyá arúgbó kan, opó, ló ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ilé ìdáná rẹ̀, tí wọ́n fi pákó kàn, kọjú sí wa, kànga tí gbogbo adúgbò ń pọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan kí n tó tẹ̀síwájú. Inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ dísù gbọ́dọ̀ gbóná kí epo tó lè gbiná níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irin kéékèèké mẹ́rin fi wà nínú tiwa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọwọ́ lọ. Hítà plọ́ọ̀gì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Tí ilẹ̀ bá mọ́, dẹ́rẹ́bà á kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pọ́n bí ẹyin iná, wáyà kékeré kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà á sì pọ́n, kí dẹ́rẹ́bà lè mọ̀ pé inú ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Ojú pupa ni àwa ọmọdé ń pè é. Bàbá mi máa ń jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n, kí n máa wò ó títí yóò fi pọ́n.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an, ojú pupa kò sì tàn mọ́.

Tí oòrùn bá ti ràn, ọkọ̀ náà á ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu. Á máa húkọ́ bí ẹni tí ikọ́ fé ń yọ lẹ́nu, á máa tu èéfín funfun tó ń ta ní lójú, kò sì ní jí. Bàbá mi pààrọ̀ bátìrì, kò tán. Wọ́n fọ ibi tí epo ń gbà kọjá, kò tán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì dáná sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ wọn ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná náà fò mọ́ wọn lójú, ó jó irun ojú wọn méjèèjì. Ìyá mi da omi sí wọn lójú, wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi, nǹkan yìí ń wá yín."

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi fi iná sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa lálaalẹ́, kí ó dojú kọ ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi òkúta méjì dènà táyà. Láàárọ̀, bàbá mi á jókòó sídìí ọkọ̀, ọmọọṣẹ́ wọn á yọ òkúta, ọkọ̀ á máa yí lọ, jíà á sì jí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ wá bá ìyá mi lọ́jọ́ kan. Wọn ò bínú, ohùn wọn kàn rẹlẹ̀ ni. "Ìyàwó, mi ò kì í sùn dáadáa mọ́. Ọkọ̀ yín ń wò mí."

Ọ̀dọ́kùnrin kan, ará ìlú Ọ̀yọ́, ló ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi kajú ní oríta wa. Kò ju ìgbà kan lọ tó tẹ́tí sí ohùn ọkọ̀ náà tó fi mọ ohun tó ń ṣe é. "Ọ̀gá, kì í ṣe bátìrì," ló wí fún bàbá mi lójú mi. "Ọ̀kan nínú hítà plọ́ọ̀gì yín ló kú. Inú ọ̀kan ni iná ń gbà dé inú èkejì, tí ọ̀kan bá ti kú, kò sí èyí tó máa gbóná. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan péré."

"Tí n bá ti dé láti ìrìnàjò yìí," ni bàbá mi wí. Wọ́n dé, wọ́n tún lọ. Iléyá ti sún mọ́ tòsí, gbogbo ayé ń wá àlùbọ́sà, wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mò ń bọ̀ láti ilé ìwé, mẹkáníìkì yìí pè mí. Ó ti nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó pè mí, mo rántí ìyẹn. "Sọ fún bàbá ẹ pé mo wo ọkọ̀ yẹn lánàá nígbà tí wọ́n wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Búréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Kí wọ́n má gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ yẹn mọ́, kí wọ́n mú un wá lọ́la, mo ti ra plọ́ọ̀gì náà. Má gbàgbé o."

Mo ní mi ò ní gbàgbé, mi ò sì gbàgbé. Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà lábẹ́ ọkọ̀, inú ń bí wọn. Wọ́n ti ju sípánà mọ́ ara ògiri, ìyá mi pàápàá ń yẹra fún wọn. Mo ní tí wọ́n bá jẹun tán, màá sọ fún wọn. Wọ́n jẹun tán, wọ́n sùn sórí ẹní láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní ó di àárọ̀. Láàárọ̀, mo gbé korobá mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kànga. Mo ní tí mo bá pọn omi dé, màá jíṣẹ́ náà.

Ìyá arúgbó náà wà nídìí kànga, à ń pọn omi pọ̀. Ọmọọṣẹ́ bàbá mi ti lọ ṣe ọdún nílé, nítorí náà bàbá mi ló ń yọ òkúta fúnra wọn, búréèkì ọwọ́ nìkan ló sì kù tó di ọkọ̀ mú. Mo rí wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà. Mo rí ọkọ̀ náà tó rọra mi. Bàbá mi sáré, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọn ò rí ibi gùn ún. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì rárá. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù, pé irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè máa bọ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọ́ bàbá mi títí, ó gba orí ẹsẹ̀ wọn kọjá, ó sì wọ ilé ìdáná ìyá arúgbó náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìyá náà dúró tì mí, okùn kànga ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni," wọ́n tún un sọ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá mi kò kú. Eegun ẹsẹ̀ wọn fọ́ lójú méjì, wọn kò wa ọkọ̀ mọ́ láyé wọn.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ìyá mi ní kí mẹkáníìkì wá. Wọ́n ti fi ọkọ̀ mìíràn fa tiwa gòkè, imú rẹ̀ wó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́. Ìyá mi jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú, wọ́n ń wo ojú pupa. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi wáyà kúkúrú kan so iwájú irin kìíní mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná lè fo irin náà kọjá.

"Ṣé ó tàn, Màmá?"

"Kò tàn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì.

"Kò tàn."

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ìyá mi tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ó ti ń pọ́n," ni wọ́n wí.

Ó tú ẹ̀kẹta náà jáde. Ẹnu rẹ̀ ti jó dànù, ó dúdú bí èédú, wáyà tín-ín-rín orí rẹ̀ ti já. Ó fi tuntun sí i, ó sì pààrọ̀ ẹ̀kẹrin, torí orí òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Oúnjẹ tí ìyá mi gbé kaná kò tíì jinná tó fi parí. Ìyá mi yí kọ́kọ́rọ́, ojú pupa tàn, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi wà nínú yàrá, pákó ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ta ló tì í?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó tì í, sà."

Wọ́n yíjú sí ògiri.

Nígbà tí mo jáde, mẹkáníìkì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó rọra ní, "Ṣé o jíṣẹ́ tí mo rán ẹ lọ́jọ́sí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí, ó di àpò rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló gbà pé bàbá mi gbọ́, tí wọ́n sì kọ̀. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójú bàbá mi, bàbá mi kì í jiyàn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rò pé lóòótọ́ ni wọ́n gbọ́, tí wọ́n sì gbàgbé, tàbí wọ́n mọ̀ pé èmi ni, tí wọ́n sì fi bò mí láṣìírí.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti bo gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pọn omi kànga níbẹ̀ mọ́. Àwọn mẹkáníìkì ń ki kọ̀ǹpútà bọ ọkọ̀ nínú, ó sì ń sọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà, wọ́n á pè é lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ á sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Inú mi dùn sí i. Nígbà tiwa, ẹnu ọmọdé ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá, ẹnu tèmi sì ni èyí tí wọ́n rán sí bàbá mi dúró sí.