Ẹ̀rọ Tí Bàbá Mi Kàn Nítorí Ohùn Màmá Àgbà

Òórùn òjé yíyọ́ ló jí mi ní Ayétòrò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa. Bàbá mi, tó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ti jókòó ti agolo bísíkíìtì kan láti ìdájí, wọ́n ń fi òjé jó wáyà mọ́ ọn nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀." Ewúrẹ́ wa pàápàá gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Wàhálà Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló bí agolo náà. Ìpobẹ̀, lódìkejì bọ́dà, ni Àbẹ̀kẹ́, àbúrò wọn kan ṣoṣo tí a ń pè ní Ìyá Ìpobẹ̀, ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń lọ kí ara wọn kí wọ́n tó ti bọ́dà. Nígbà tí Ìyá Ìpobẹ̀ ò rí ẹ̀gbọ́n wọn mọ́, wọ́n gbà pé Màmá Àgbà ti kú, pé àwa là ń fi bò. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé oúnjẹ ò ní í kan ẹnu àwọn mọ́ àfi báwọn bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n àwọn.

Bàbá mi gba ohùn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Nítorí pé Ìpobẹ̀ jìnnà, Màmá Àgbà fi gbogbo agbára pariwo kí ohùn lè débẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́ o! Mi ò kú o!" Ohùn ń ya bí aṣọ tó ti gbó. Nígbà tó wá kan ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní bọ́dà má baà gbọ́. A ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Bàbá bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí ò lè kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń kan ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ ariwo mọ́lẹ̀, tí yóò sì máa gbé ohùn jẹ́jẹ́ sókè, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Kùtọnu ni wọ́n ti ń ra gílóòbù inú rédíò tó ń gbé ohùn sókè tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì ti dí. Wọ́n wá yọ mẹ́rin nínú rédíò bàbá àgbà tó ti dákẹ́ tipẹ́, èyí tí màmá mi ń to abọ́ tánńganran lé. Nígbà tí iná wọ inú àwọn gílóòbù náà, wọ́n pọ́n díẹ̀díẹ̀, eruku ara wọn sì ń rùn bí ẹ̀wà tó fẹ́ jóná. Inú mi dùn débi pé mo ń jó.

Bàbá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má mí sókè. Màmá Àgbà pariwo, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, abẹ́rẹ́ ara ẹ̀rọ náà kàn ń mì jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹran kan ṣoṣo tó wà nínú ọbẹ̀ mi ni Màmá Àgbà ti mú jẹ láàárọ̀, wọ́n ní eyín mi ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an. Bí wọ́n ṣe dákẹ́ láti mí, mo kùn ún sábẹ́ ètè, mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́.

Àgbẹ̀ kan tó ní oko létí bọ́dà ló bá wa mú kásẹ́ẹ̀tì náà kọjá nínú agbọ̀n ẹ̀gẹ́. Nígbà tí èsì dé, nínú kásẹ́ẹ̀tì bákan náà, gbogbo ilé pagbo yí i ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mẹsí o, ẹ ṣeun," ni Ìyá Ìpobẹ̀ wí. "Mo gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó sín yín jẹ, kí wọ́n lè fi tàn mí. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọmọ kan lẹ́yìn tó ní, 'Màmá Àgbà jẹ ẹran mi láàárọ̀ yìí, wọn ò tiẹ̀ tọrọ ẹ̀.' Háà, mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Wọn ò tíì kú! Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń jẹ tèmi nígbà tá a wà lọ́mọdé. Mo ti jẹun o. Ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ran ẹ̀."

Ẹ̀rọ Bàbá ti gbé ohùn jẹ́jẹ́ tèmi náà sókè! A rẹ́rìn-ín títí a ò lè dìde. Màmá Àgbà mú ojú le mọ́ mi. "Fọlákẹ́, ẹnu ẹ ti wá ń kọjá bọ́dà báyìí?" Ṣùgbọ́n etí ìró ni wọ́n fi ń nu omijé.

Lónìí, iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ̀rọ tó ń mú ohùn dọ́gba wà níwájú mi, kò tóbi ju Bíbélì lọ, kò sì rùn bí ẹ̀wà. Èmi tí mi ò lè panu mọ́ fún ìdajì kásẹ́ẹ̀tì ni mo wá ń sọ fún àgbàlagbà pé, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ dákẹ́." Àmọ́ bí mo bá gbọ́ ọmọ kan tó ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi kì í pa á rẹ́. Àwọn ìyá méjèèjì ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì wọn wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń gbọ́ ọ nígbà tí àárò wọn bá ń sọ mí. Ẹran yẹn, títí wọ́n fi lọ, Màmá Àgbà ò dá a padà.