Ọwọ́ Òsì Kìtán

Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mọ́ àbúrò mi Kìtán. Bàbá wa ní kò lè ṣẹlẹ̀ nílé òun. Tíṣà àgbà ni Silas, bàbá wa, ní Oǹdó, Yorùbá ìwé ló sì ń bá wa sọ. Bí Kìtán bá ti fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bàbá á fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi mọ́. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni yóò máa wí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n wà lọ́jà náà, mo panu mọ́, ó sì ń bí mi nínú dòní.

Kìtán dàgbà, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi hẹlikópítà gbé ẹ̀rọ láti Àkúrẹ́ lọ sísàlẹ̀ òkun Ìlàjẹ, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Tí ẹ̀rọ bá ti lo oṣù mẹ́ta nísàlẹ̀, á léfòó, hẹlikópítà á sọ okùn tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu kalẹ̀, Kìtán nínú ọkọ̀ ojú omi á fi irin náà kọ́ òrùka ẹ̀rọ. Kíá ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Ọwọ́ tó bá pẹ́ níbẹ̀ ti bá ẹ̀rọ lọ.

"Òsì rẹ ló yá, òun ni kóo máa lò," ni Bísọ́dún, ọ̀gá rẹ̀, sọ fún un. "Òkun ò mọ ẹ̀kọ́ ilé."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìgbì gbá irin náà sọ́dọ̀ Bísọ́dún tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Ó mú un, ó nà án sí Kìtán. Òsì Kìtán ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí pé àgbà ló ń na nǹkan sí òun. Ó fà á padà, ó fi ọ̀tún gbà á. Ó kọ́ ọ, ó pẹ́ díẹ̀. Hẹlikópítà gbéra.

Àwọn dókítà ní Àkúrẹ́ gé èyí tó kù nínú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ pè mí nílé mi ní Ìjàpọ̀ pé ẹ̀rọ náà dé láyọ̀.

Bàbá wá sílé ìwòsàn ní Sátidé. Ó bó ọsàn, ó nà án sí i. Kìtán kọ́kọ́ gbé ọ̀tún tí wọ́n fi báńdéèjì wé, kó tó na òsì. Bàbá fa ọsàn náà sẹ́yìn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Kìtán ló ṣáájú mi.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Òun nìkan ló kù."