Ilé Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, àkàbà la fi ń wọ ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ní Ìkòtún, nígbà tí Ìkòtún ṣì jẹ́ pápá àti àbàtà, tí ẹni tó bá ti to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ jọ sórí ilẹ̀ ti ń pe ara rẹ̀ ní láńlọ́ọ̀dù. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ìjọba ni. Ó gbà pé ẹni tó lè kọ lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà á kà tí á mi orí, kò sí ohun tó wà nínú ilé kíkọ́ tó yẹ kó ṣòro fún un.

Ó ní olè ni gbogbo àwọn tó ń ya àwòrán ilé, nítorí náà ó ya tiwa ní ọ́fíìsì, sẹ́yìn bébà ìjọba. Mo rí àwòrán náà. Yàrá ìkàwé wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì, ìwé orin àti kàlẹ́ńdà nìkan la ní láti kó síbẹ̀. Yàrá àlejò pàtàkì wà níbẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti àlejò lásán. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn bíríkìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti rí i pé ẹni tó bá bá láńlọ́ọ̀dù yìí jiyàn kì í padà wá lọ́la. Ọjọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, ìyẹn kọ̀ǹkéré tó ya òkè sọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀, gbogbo àdúgbò wá, a jẹ ìrẹsì, a mu ẹlẹ́rìndòdò. Ìgbà tí wọ́n tú pákó àti ọparun abẹ́ rẹ̀ tán ni ìyá mi gbójú sókè, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Dádì, ibo la máa gbà gòkè?"

Bàbá mi tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. "Ìta ni àtẹ̀gùn máa wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn."

Òkè òkun tó jìnnà jù tí bàbá mi tíì dé ni Kútọnu.

Ẹ lè béèrè pé kí ló ń lé e. Ìyá rẹ̀ ni. Láyé ìgbà náà, ọmọkùnrin tí kò bá ní ilé tirẹ̀ kò níbi tó máa sin ìyá rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé itẹ́ òkú ìjọba, ẹni tí kò lọ́mọ ló ni ín. Màmá àgbà ti ń darúgbó ní ìlú wa, orúnkún ń dà á láàmú, ẹ̀rù sì ń ba bàbá mi pé ikú lè ṣáájú òrùlé. Bí wọ́n ṣe kan páànù tán báyìí, ó ránṣẹ́ lọ mú un wá.

Màmá àgbà dé pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ nínú báàgì, torí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ agogo irú ìjọ tirẹ̀ ní òpópónà kejì. Lẹ́yìn náà ló rí àkàbà.

"Fún mi ní yàrá kan nísàlẹ̀ jàre, ọmọ mi. Ilẹ̀ tútù dára fún orúnkún."

"Màmá, àgbàrá ń wọ ìsàlẹ̀. Àti pé ẹ̀yin ni ìyá láńlọ́ọ̀dù. Kí làwọn èèyàn máa wí tí mo bá fi yín sísàlẹ̀?"

Ni àwọn lébírà bá so ó mọ́ àga, wọ́n gbé e gun àkàbà. Ó ń gbàdúrà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń pariwo pé, "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń di ìyá láńlọ́ọ̀dù l'Ékòó?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwa ọmọdé ń gun àkàbà bí ewúrẹ́. Ìyá mi ń gùn ún tòun ti korobá omi lórí. Màmá àgbà ní tirẹ̀ jókòó sẹ́nu fèrèsé. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà, á bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ tẹ́ḿpìlì, á sì máa bá wọn kọrin láti òkè. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ á wá dúró nísàlẹ̀, wọ́n á so ike omi àdúrà mọ́ okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń fa sìmẹ́ǹtì, àwa á sì fà á sókè.

"Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Ọlọ́run jù o!" ọ̀kan nínú wọn máa ń kígbe.

"Ẹ wá ká ṣe pàṣípààrọ̀," Màmá àgbà á fèsì.

Bàbá mi ṣèlérí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn Àjíǹde ni. Lẹ́yìn ìkórè ni. Lẹ́yìn Kérésì ni. Ẹ má rò pé irọ́ ló ń pa, sìmẹ́ǹtì dé ní ti gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni láńlọ́ọ̀dù kan ní ọ̀nà Ìjẹ̀gùn gbé ère idì sórí géètì rẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun bàbá mi mọ́. Ó pe ọkùnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá tó ń mọ ère, sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn sì di kìnnìún méjì lẹ́nu géètì wa. Ti apá òsì jọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà.

Màmá àgbà wò wọ́n láti ojú fèrèsé. "Kí ni wọ́n ń ṣọ́?" ó bi mí.

"Olè ni, Màmá."

"Olè wo, ọkọ mi? Èmi tí mo wà nínú ẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde, olè ló máa rí ọ̀nà wọlé?"

Ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà òjò ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá àgbà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò lè dá jókòó mọ́. Ìyá mi figbe ta, àwọn aládùúgbò sáré dé. Omi ti kún ìsàlẹ̀ dé orúnkún, àkàbà ń yọ̀ bí ilá. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ti dúró láàárín àwọn kìnnìún.

"Ẹ so ó mọ́ àga bí wọ́n ṣe gbé e gòkè!" ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò kígbe.

"Inú ló ń run ún, ẹ fẹ́ so okùn mọ́ ọn níkùn? Ṣé orí yín pé ṣá?"

"Kí ẹnì kan pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀!"

"Ta ni? Ìwọ? Ìwọ tí o ti yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láìpọn ẹnikẹ́ni?"

Bàbá mi sáré lọ wá àwọn lébírà tó gbé e gòkè nígbà yẹn, bí ẹni pé àwọn nìkan ló mọ àṣírí ilé náà. Kò bá wọn. Nígbà tó fi máa padà dé, àríyànjiyàn ti tán, torí ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jiyàn ti lọ. Ìyá mi ti bá Màmá àgbà pa ojú dé.

Ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé ni wọ́n yọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, wọ́n fi okùn omi àdúrà dì í, wọ́n sì rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú òjò, tòun ti sùtánà lọ́rùn. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti gbà á. N kò tíì rí i kó sunkún rí. Òjò náà kò sì jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó sun ún lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́ bàbá mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ níbi ìsìnkú. Ta ló máa ní kí ọ̀gá àgbà gun àkàbà? Màmá àgbà ṣì wà nílé ìgbókùúsí nígbà tí àtẹ̀gùn parí, kọ̀ǹkéré gidi, pẹ̀lú irin ìdìmú tí wọ́n kùn lọ́dà. Ọ̀gá gùn ún, ó ní ó dára. Màmá àgbà sì gba yàrá ìsàlẹ̀ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Inú yàrá àlejò pàtàkì ni wọ́n sin ín sí, bàbá mi sì fi táìlì aláwọ̀ ewé bo ojú oórì náà. Títí bàbá mi fi kú, ibẹ̀ nìkan ló parí nínú gbogbo yàrá ilé wa.

Ayé ti yí padà, wọ́n ní. Wọ́n ti fi ilé bo gbogbo pápá Ìkòtún. Kò sẹ́ni tó ń ya àwòrán ilé sẹ́yìn bébà mọ́, èèyàn díẹ̀ ló sì ń sin òkú sínú ilé. Ọmọkùnrin mi ń kọ́lé lọ́wọ́, ilé alájà púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, ó ń fi ìka yí i sọ́tùn-ún sósì. Yàrá sinimá wà níbẹ̀. Yàrá kan wà tí wọ́n á ti máa sáré lójú kan náà. Mo ń wá nǹkan kan, n kò rí i.

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Lífíìtì ni, Dádì. Ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn."

"Tí iná bá lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre."

Mo bi í pé ibo ni yàrá tèmi wà. Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. Ó fi ìka rẹ̀ sórí òkè pátápátá, lábẹ́ òrùlé.

"Ẹ̀yin ni bàbá láńlọ́ọ̀dù," ó ní. "Kí làwọn èèyàn máa wí tí mo bá fi yín sísàlẹ̀?"

Mo fọwọ́ pa orúnkún mi.