Ekòló Kò Sí Nínú Ìjọba Mi

Ìlú mi ń tú lọ lójú mi lọ́sẹ̀ tí àbúrò bàbá mi obìnrin wá láti Ẹ̀pẹ́ sọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, torí ojú tó fẹ́ fi han dókítà. Inú láptọ́ọ̀pù ni ìlú náà wà. Géèmù ayé àtijọ́ kan ni: wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀, odò àti ìdílé ogún, wọ́n á ní kó o máa jọba lọ. Mo ti kọ́ ààfin alájà méjì. Mo ti mọ odi. Oúnjẹ nìkan ni kò sí. Lọ́dọọdún ni ìkórè ń dín kù, àká ń gbófo, àwọn ará ìlú sì ń di ẹrù wọn. Èmi tí mo kàwé gboyè, tí ìwé ẹ̀rí mi ń bo ibi tí ògiri pálọ̀ mi ti sán, oògùn kan ṣoṣo ni mo mọ̀: mo gbin gbogbo ilẹ̀ tó kù, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn ààfin.

Àbúrò bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi ojú tó ń dùn ún wò ó.

"Ó ti rẹ ilẹ̀ yìí," ló sọ. "Ekòló ńkọ́ níbẹ̀?"

Mo ní kò sí. Àwọn tó ṣe géèmù náà rántí bọ́tìnì ẹ̀wù àwọn ọmọ ogun, wọ́n gbàgbé ekòló.

"Ìwọ wá lọba ibẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ kú ebi o, Kábíyèsí."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú, torí mo ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ti dá oko ẹ̀gẹ́ sí títí ẹ̀gẹ́ fi ń ta bí ìka ọmọdé. Ló bá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi. Igbó bò ó fún ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta ilẹ̀ tó sì ń pe ara rẹ̀ ní olùdàgbàsókè ìlú, rí igbó náà, ó ní ilẹ̀ wà lásán. Ó ya àwòrán ilé méjìlélógún àti adágún omi kan láàárín wọn. Adágún o, ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀sà ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa. Ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kó tó lè tà á. Èmi ni màá fọwọ́ sí i fún ojúlé bàbá mi tó ti kú, mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n wa náà lórí fóònù pé màá fọwọ́ sí i. Ohun tí mo sọ gan-an ni pé ilẹ̀ tó wà lásán kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi pàṣẹ pé kí n fi ìdajì oko ìlú mi sílẹ̀ kó sinmi, mo ní ebi á pa wọ́n. Ó ní ebi ti ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀, kí n jẹ́ kó nídìí. Mo gbọ́ tirẹ̀. Ọdún méjì nínú géèmù, àwọn ará ìlú bú mi. Lọ́dún kẹta, àká kún.

Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ lórí fóònù. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló burú. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yára gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ náà kí ìpàdé ẹbí tí a ti máa fọwọ́ síwèé tó dé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ó wà lásán.

"Kí n pa á, kí wọ́n má baà tà á?" ló dáhùn. "Ìgbà tí ekòló bá tú u ni màá gbìn ín. Ojú ayé kọ́ ni mo ń dáko fún."

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀gbọ́n wa dé fìlà líle àwọn kọ́lékọ́lé wọ pálọ̀ ẹbí, bí ẹni pé àjà fẹ́ wó lù ú. Ó na bírò sí mi. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i mọ́. Ó bi mí bóyá inú géèmù ni ọ̀mọ̀wé ti kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. "Mo ti fi ebi lé àwọn ará ìlú kan. Mi ò ní lé ti ìkejì."

Àwọn àgbà méjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ti bírò tirẹ̀ padà sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wa ní bí igbó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun á tún gbé ìwé náà wá. Àbúrò bàbá mi ní kó gbé e wá, igbó náà á máa dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n wa kò tiẹ̀ dúró gba àṣẹ ẹbí kó tó ri òpó síméńtì mẹ́rin mọ́ igun ilẹ̀ náà. Mo fẹ́ hú wọn, àbúrò bàbá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwa méjèèjì lọ wò ó. Ekòló ti ń tú ilẹ̀ sókè ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn òpó náà. Àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà láàárín ìka, ó ní kò tíì tó, ó di ọdún tó ń bọ̀. A wá padà sílé. Síméńtì nìkan ni wọ́n tíì gbìn síbẹ̀, kò sì tíì hù.