Ìbọn Delmer Tackett àti Àwọn Àlékún Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí ìbọn Delmer Tackett fa ṣòkòtò bọ́ lára rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àwo ẹ̀wà ìyàwó rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ Ìsinmi ni, oúnjẹ àjọjẹ la fẹ́ jẹ, gbogbo wa sì ti tò sórí ìlà. Pásítọ̀ Combs ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká dijú ká gbàdúrà ni bẹ́líìtì bá já, ó dún "tá!" Nígbà tí a máa fi lajú, ṣòkòtò ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ìbọn ṣì wà nínú àpò awọ rẹ̀ lára bẹ́líìtì, pátá tí wọ́n ya ẹja sí ti hàn sí gbogbo ìjọ. Bí Delmer bá fẹ́ fa ṣòkòtò sókè, àfi kó ju àwo sílẹ̀. Kò ju àwo sílẹ̀. Ó wò wá yíká, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣàmín ná. Ẹ̀wà ò kúkú dànù."

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní béèrè ohun tó fà á. Ìbọn ìléwọ́ kékeré tí Delmer rà ní ṣọ́ọ̀bù, èèyàn lè fi sí ìbàdí kó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Delmer kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kọ́kọ́ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lábẹ́. Ó gbé gíláàsì kékeré kan lé e lórí, tí àmì pupa ń tàn nínú rẹ̀ láti fi ibi tí ọta máa bà hàn. Ó ki irin kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà máa ta sókè. Ó yọ ilé ọta kúkúrú, ó fi gígùn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣe tán, gbígbé ìbọn náà ti dà bíi gbígbé ọmọ oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe eré ló ń fi ṣe o. Ilé òun àti Verna ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà ní òpin ọ̀nà òkè Caney. Béèyàn bá pe ọlọ́pàá níbẹ̀, ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé. Láti ìgbà tí àwọn olè ti fọ́ abà kan nítòsí wọn ni Carlene, ọmọ wọn tó ń gbé ní ìlú Louisville, ti ń sọ pé kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n wá máa bá òun gbé. Verna kò fẹ́. Ilé yẹn ló wọ̀ ní ìyàwó, òun ló sì gbin igi ápù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Delmer ti búra fún un pé kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò níbẹ̀. Gbogbo àlékún tó bá ti rà, ó ní nítorí ilé Verna ni.

"Dádì," ni Carlene wí nígbà tó gbọ́ ìròyìn ṣòkòtò, "ìbọn tó bọ́ yín síhòòhò níwájú Pásítọ̀, ta ló fẹ́ gbà là?"

"Bẹ́líìtì ló lẹ̀bi, kì í ṣe ìbọn," ni Delmer dá a lóhùn.

Ó bá lọ ra bẹ́líìtì mìíràn, èyí tí wọ́n fi irin sí nínú. Lọ́jọ́ kejì, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tó gbé garawa omi pamọ́ sínú ṣòkòtò.

Hobert Slone ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í gbà fún un. Ìbọn Hobert ti tó ogójì ọdún, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ. Lẹ́yìn ilé Hobert la ti máa ń dije lọ́dọọdún, nígbà tí ewé igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìbọn tí oníkálukú ń gbé kiri lójoojúmọ́ ló máa fà yọ lábẹ́ kóòtù, á sì fi yin àwo irin márùn-ún lulẹ̀.

"Hobert, ìbọn yìí ò tíì kúrò láyé Nóà," ni Delmer wí.

"Ọkọ̀ Nóà ò kúkú rì," ni Hobert fèsì. Ó yin àwo márààrún lulẹ̀, ó jókòó, ó ń bó ẹ̀pà sísè jẹ.

Ó kan Delmer. Irin ẹnu ìbọn kọ́ aṣọ inú kóòtù, Delmer fà á, kóòtù náà fà á. Nígbà tí ìbọn fi máa jáde, ẹ̀pà Hobert ti ń tán lọ. Delmer gbé e sókè, ó wo inú gíláàsì, ó tún wò ó.

"Kí ló dé?" ni Hobert béèrè.

"Bátìrì ti kú."

"Ó mà ṣe o! Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Delmer kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ìgbà yẹn ló sì wá yá ṣípánà.

Ìgbà kan wà tí Delmer ní ibi tí ìka ti ń fa ìbọn náà le jù. Ó tú u palẹ̀ sórí tábìlì ìdáná Verna, sípíríǹgì kékeré kan bá fò lọ. "Verna, dúró síbẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀!" Ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó rá wọ abẹ́ sítóòfù, kò rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, Hobert wá bá wọn jẹun. Ó ń jẹ ẹ̀wà lọ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, àfi kàkà láàárín eyín. Ó yọ sípíríǹgì náà, ó gbé e sí etí àwo jẹ́jẹ́.

"Verna," ló wí, "ẹ̀wà rẹ náà ti ní àlékún."

Lọ́dún tó kẹ́yìn ayé Delmer, ìgò kíútẹ́ẹ̀sì pupa tí Verna fi ń kun èékánná sọnù. Ó wá a títí, ó sì pe Carlene lórí fóònù pé kó dá nǹkan òun padà. Carlene búra pé òun ò mú un. Delmer jókòó síbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn lọ ní tirẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, tí yìnyín ṣì wà lórí òkè, ọkàn Delmer dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. A sunkún rẹ̀ gidi. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kan dárúkọ ṣòkòtò níbi òkú, Verna fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Carlene ní, "Màmá, ẹ ò lè dá gbé ibí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mi ò lọ."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá yin ogún ọta, tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá bà, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé."

Carlene mọ ohun tó ń sọ. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, làkúrègbé sì ti mú un lọ́wọ́.

Nígbà tí òdòdó ápù yọ, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ilé Hobert. Hobert yá Verna ní ìbọn tirẹ̀ kó kọ́kọ́ fi dánra wò. Ó yin márùn-ún, ẹyọ kan ló ba bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi níwájú rẹ̀. "Mi ò rí irin tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán," ni Verna wí. "Dúdú lórí dúdú ni." Carlene gbójú kúrò.

"Ìbọn Delmer ńkọ́?" ni Hobert béèrè.

"Ó wà nínú àpótí rẹ̀ nínú ọkọ̀," ni Verna dáhùn. "Ta ló fẹ́ gbé ẹrù yẹn?"

"Lọ gbé e wá."

Verna gbé àpótí náà wá, ó ṣí i. Ìbọn inú rẹ̀ fúyẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Kò sí tọ́ọ̀ṣì, kò sí gíláàsì, kò sí irin ẹnu. Wọ́n gé tíúbù kẹ̀kẹ́ wọ ibi ìdìmú rẹ̀ kó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Irin kékeré tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán lókè ẹnu rẹ̀ pọ́n fòò. Agolo kọfí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo àlékún ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò kíútẹ́ẹ̀sì kan.

"Olè!" ni Verna kígbe. "Delmer, olè!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ọdún tó kọjá ló ní kí n bá òun tú gbogbo rẹ̀ kúrò," ni Hobert wí. "Ó ní, 'Verna ni ìbọn yìí máa kù fún, kò sì lè gbé e báyìí.' Ó ní tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tóun wà láyé, òun á yìnbọn mọ́ mi. Mo ní, 'Èwo nínú ìbọn? Èyí tí bátìrì rẹ̀ kú?'" Ó nu ojú rẹ̀. "Nínú gbogbo àlékún tó ṣe, méjì ló wúlò. Kò sì fowó ra ìkankan."

Carlene ń fọwọ́ pa tíúbù náà. "Kẹ̀kẹ́ mi nìyí," ló wí. "Èyí tí Dádì fi kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn."

Verna dìde dúró. Ó di ìbọn náà mú, kò yọ̀. Ó wo àmì pupa yẹn, ó sì yin ogún ọta, kò kánjú. Carlene ló lọ ka ihò ara bébà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́tàdínlógún," ló wí. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ máa gbé ilé yín, Màmá."

Nígbà tí wọ́n délé, Verna mi ìgò kíútẹ́ẹ̀sì náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Èyí tí Delmer ṣẹ́kù síbẹ̀ kò lè kun ju èékánná kan ṣoṣo lọ.

"Èwo ni ká kùn?" ni Carlene béèrè.

Verna na ìka tó fi fa ìbọn sí i. Carlene kùn ún, ó sì ń fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ.