Ohùn Tó Ń Pè Mí Nínú Kùrukùru

Kékeré ni mo wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, nígbà tí bàbá mi kó èmi àti màmá mi wá sí Padova níbí, nílẹ̀ Italy. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rojọ́ pé òtútù pọ̀, ẹ ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òtútù. Bàbá mi ń kàwé ní yunifásítì, màmá mi ń ránṣọ fún ilé iṣẹ́ kékeré kan, èmi sì ń lọ sí ilé ìwé láàárín àwọn ọmọ tó máa ń fọwọ́ tẹ irun mi bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Lónìí, bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Ferrara, ìlú tí kò jìnnà sí wa, kí ẹ tó kúrò níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ ó ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀" àti "how far". Láyé ìgbà yẹn, bí a bá ti jáde nínú ilé wa, Yorùbá parí nìyẹn. Torí náà, ẹ fi í sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo agbègbè náà tó mọ oríkì mi, àfi bàbá àti màmá mi.

Ní ìsàlẹ̀ ilé wa ni bàbá arúgbó kan ń gbé, ọmọ ilẹ̀ Italy, tí ìyàwó wọn ti kú. Wọ́n ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan lọ́nà Chioggia, ìlú apẹja létí omi, wọ́n sì ní ajá dúdú kan tó ti dàgbà, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ajá náà kì í gbádùn orí ilẹ̀. Nínú ilé, ṣe ni yóò máa sùn bí aláìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti fò sínú ọkọ̀, iwájú gan-an ni yóò lọ jókòó sí, yóò gbórí sókè bí olóyè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ló so bàbá arúgbó náà àti bàbá mi pọ̀. Ìlàjẹ ni wọ́n ti bí bàbá mi, nínú ilé tó dúró lórí òpó láàárín omi. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti ń wa ọkọ̀ kí àwọn tó mọ eré é sá. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún bàbá mi pé omi kan wà láyé tí wọn kò mọ̀.

Ní ọdún kan, láàárín ọ̀gìnnìtìn, bàbá arúgbó náà yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Ọkọ̀ wọn wà níbi tí ìjì ti lè fọ́ ọ, ìyẹn sì ń dà wọ́n láàmú lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ju egungun lọ. Bàbá mi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àwọn yóò wa ọkọ̀ náà gba inú laguna lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní òdìkejì. Laguna ni wọ́n ń pe ọ̀sà ńlá tó wà láàárín ilẹ̀ àti òkun níbẹ̀. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi, omi yìí kì í ṣe omi ilé yín o." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀sà ni ọ̀sà ń jẹ́. Èmi náà sunkún títí wọ́n fi gbà kí n bá wọn lọ. Màmá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ dúró dè wá ní òdìkejì, nílé àbúrò bàbá arúgbó náà, obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ọgbà ọkọ̀ yẹn. Ajá ní tirẹ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Kí a tó tú okùn, ó ti wà níwájú.

Ojú ọjọ́ mọ́ nígbà tí a gbéra. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n kò mú ènìyàn lára, ó kàn wà lókè bí àwo. Bí a ṣe kọjá erékùṣù kékeré kan, níbi tí ilé àtijọ́ kan ti ń wó, tí wọ́n máa ń kó àwọn alárùn sí láyé ọjọ́un, ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lára omi. Ẹ̀yin náà mọ nebbia, kùrukùru ti Padova, èyí tó ń mú kí bọ́ọ̀sì pẹ́. Ọmọdé ni ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orí omi. Èyí kò dún, kò sì yára. Ó kàn ń sún mọ́ wa ni. Afẹ́fẹ́ kú, ìgbòkun rọ wọ̀ọ̀. Àwọn òpó igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi ojú ọ̀nà han ọkọ̀ ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ajá tó wà níwájú wa fi di òjìji lásán. N kò mọ ibi tí omi parí sí mọ́, n kò sì mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi gbé àjẹ̀, wọ́n ń wà á lọ. Kò pẹ́ ni nǹkan ha abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì dúró. Omi ti fà. Ní ọ̀sà tí wọ́n bí bàbá mi sí, omi kì í sá fún ènìyàn bẹ́ẹ̀. Níbí, á jáde lọ sínú òkun láàárín ọjọ́, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Bàbá mi kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó gbéra, torí kí ni ọmọ Ìlàjẹ fẹ́ máa bi òyìnbó nípa omi? Wọ́n sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti ti ọkọ̀, ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà mì dé itan. Tipátipá ni wọ́n fi fà á yọ, bàtà kò bá a jáde. A kò lè rìn, a kò lè wakọ̀, kò sì sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Ẹsẹ̀ bàbá mi tutù rinrin, gbogbo ara wọn sì ń gbọ̀n. Wọn kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa níbẹ̀, òtútù yóò pa wá kí omi tó padà.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ oríkì mi. Ohùn obìnrin ni. Ó ń rọra pè é, ó ń fà á gùn, bí màmá mi ṣe máa ń pè mí tí oúnjẹ bá ti jinná. Ẹ má bi mí léèrè oríkì náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Láti ìhà erékùṣù tí ilé wó sí ni ohùn náà ti wá. Inú mi dùn, mo la ẹnu láti jẹ́ "Mà!", àfi bí bàbá mi ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ̀ ọ́n: nílé wa, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Ohun tó pè ọ́ lè má jẹ́ ènìyàn, bí o bá sì ti jẹ́ ẹ, o ti fi ara rẹ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní kéèyàn dákẹ́, kó lọ wo ẹni tó pè é. Níbo la fẹ́ gbà lọ wò ó nínú ẹrẹ̀ yẹn? Mo wo ajá. Ajá tó máa ń gbó ẹyẹ, tó máa ń gbó ọkọ̀ ẹlòmíràn, kò gbó. Ó ti fi iwájú ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ki ìrù bọ itan, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde ṣánṣán, ó wá ń fara rọ́ mi lẹ́sẹ̀ láìdún rárá. Ohùn náà tún pè. Ara mi bù máṣọ. Nígbà tó fi tún pè, ó ti sún mọ́ wa gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbọ́ kí àjẹ̀ kan omi. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Bàbá mi bọ́ kóòtù wọn, wọ́n fi wé mi. Wọ́n ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó yá, wọn kò gbọ̀n mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù, torí ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu wọn, ojú wọn sì fẹ́ máa pa dé. Mo ń gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, èmi ọmọ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń tán lọ. Ibẹ̀ la wà tí oríkì mi tún fi dún.

Ọ̀tọ̀ ni tibí. Ohùn ọkùnrin ni, kì í sì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n ń kígbe rẹ̀ láti apá ibi tí a dorí kọ, wọ́n ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé bàbá mi yóò yọ̀. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n ìpayà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ti padà dé. Wọ́n ti pọ̀ sí i." Ajá ti fò dìde. Kó tó gbó, bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì fún ẹnu rẹ̀ pa.

Àwọn ohùn náà kọjá lápá òsì wa, wọ́n ń lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dáhùn. Ènìyàn ni wọ́n."

Bàbá mi ní, "Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, ta ló sọ oríkì rẹ fún wọn?"

Ṣùgbọ́n ajá náà ń jà mọ́ wọn lọ́wọ́, ìrù rẹ̀ sì ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, pọ̀, pọ̀, pọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí bàbá arúgbó bá ń ti ọjà bọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ìrù rẹ̀."

Bàbá mi wò ó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò tó. Wọ́n ti rí bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n wá ń rí èyí. Ìgbe àwọn ọkùnrin náà ti ń fẹ́ wọlẹ̀. Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ò dáhùn o. Ìwọ náà ò dáhùn. Ajá ló dáhùn." Wọ́n sì ṣí ọwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì gbọ́ gbígbó ajá rí.

Apẹja ni àwọn ọkùnrin tó gbọ́ ọ tí wọ́n yí padà wá bá wa, nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò fẹ́ omi púpọ̀. Wọ́n ju okùn sí wa, wọ́n fi pákó tẹ́ orí ẹrẹ̀, wọ́n gbé wa. Ọ̀kan nínú wọn ń bínú, ó ní, "Ma perché non rispondevate?" Kí ló dé tí ẹ kò dáhùn, a ti ń pè yín láti ìgbà wo! Bàbá mi tó máa ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn ní èdè Italy, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń wò. Dókítà padà gé ọmọ ìka kan níbẹ̀.

Ní ilé ìdáná obìnrin yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ni màmá mi ti ṣàlàyé. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn apẹja náà ní oríkì mi, torí orí ọmọ kì í ṣàìgbọ́ oríkì rẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹ̀rù ló wà. Bàbá mi ní, "Háà! Ìwọ lo fẹ́ pa wá!" Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí omijé wà nínú rẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ti kó ọgbọ́n méjèèjì wá, ti oríkì àti ti àìdáhùn, díẹ̀ ló sì kù kí ìjà àárín wọn pa ọmọ.

Nígbà náà ni bàbá mi ní ohun tó tilẹ̀ kọ́kọ́ da àwọn lọ́kàn rú ni ohùn màmá mi fúnra wọn, pé báwo ló ṣe dé ìhà erékùṣù yẹn. Màmá mi gbé ife sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi kọ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni." Inú ilé ìdáná yìí ni wọ́n jókòó sí láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi sáré lọ bá àwọn apẹja, obìnrin onílé sì jẹ́rìí sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ajá náà kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, bàbá mi sì sunkún rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohùn yẹn, a kò tún dá a sílẹ̀ nílé wa títí àwọn méjèèjì fi jáde láyé.

Ayé ti yàtọ̀. Ọkọ̀ tó kéré jù lọ báyìí ní ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí omi jìn sí, gbogbo ènìyàn sì ní fóònù. Ẹ̀yin ń dá nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ lóhùn, ẹ ń jẹ́ ipè ẹni tí ẹ kò rí, ẹ tún ń bá a rẹ́rìn-ín. N kò bá yín wí. Ó kàn ń bà mí lẹ́rù ni.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Torino, ó sì máa ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó wá kẹ́yìn, nebbia bo àgbàlá ilé wa, ọmọ náà ń ṣeré nísàlẹ̀, oúnjẹ sì ti jinná. Mo jáde sí bàlúkóní láti fi oríkì rẹ̀ pè é. Mo la ẹnu. Mo wá rí i pé kò lè rí mi láti ibi tó wà. Mo wọ bàtà, mo fi orúnkún tó ń dùn mí sọ̀kalẹ̀, mo rìn títí mo fi dúró níwájú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Nonna, bastava chiamare." Ó ní ìyá àgbà, mi ò bá ti pe òun, ó ti tó. Mo ní mo mọ̀. Ìgbà tí ojú wa kojú ni mo tó pe oríkì rẹ̀, ó sì jẹ́ mi, "Sì, nonna."