Ilẹ̀ Ìsìnkú Àwọn Farskane

Ilé ìdáná ilé ìwé abúlé Drumfold, ní àríwá Scotland, ni Eppie Gauld ti lo ọjọ́ ayé ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dárúkọ Alexander Farskane, olówó ayé àtijọ́ tó kọ́ ilé ńlá fún yunifásítì, ẹ ti rí wàhálà nìyẹn. Eppie á to ìran ọkùnrin náà lẹ́sẹẹsẹ títí tíì yín á fi tutù.

Dod ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kó o sí i. Dod ò fẹ́yàwó, kò sì nílé. Oko olóko ló ti ṣiṣẹ́ láti kékeré, tó ń sùn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin. Bàbá wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ kú, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣùgbọ́n Dod gbà pé Margaret, ìyá tó bí bàbá bàbá wọn, àbúrò Farskane ni. Ní báyìí tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ sílé Eppie, ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n sin òun sí ilẹ̀ àwọn Farskane lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹbí nìkan ni wọ́n sì ń sin síbẹ̀.

"Ẹni tó kọ́lé ìwé fọ́mọ ọlọ́mọ ò ní fi ibi tí màá nà sí dù mí," Dod wí. "Mi ò kúkú ń hanrun."

"Irọ́ ńlá. Bi àwọn ẹṣin léèrè," Eppie fèsì.

Ní Drumfold, tí ọmọ bá kú, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń sọ èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e, kí orúkọ ìyá àgbà tí wọ́n fi sọ ọ́ má bàa pa rẹ́. Eppie ti rí orúkọ Margaret tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta lára òkúta ibojì àwọn Farskane, kò sì kọminú. Ó ní èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ ni Margaret tiwọn. Kò wádìí kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Riddoch, alábòójútó itẹ́ òkú náà, ní òun á wá wo òkúta fúnra òun kí òun tó gbà. Eppie gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì lọ. Òkúta ti rì díẹ̀, ló bá gé koríko ìdí ẹ̀, ó wa yẹ̀pẹ̀ kúrò, ó fọ̀ ọ́. Ìlà kan yọ. Ká ní òun nìkan ni, ì bá dá yẹ̀pẹ̀ padà, ṣùgbọ́n Riddoch ti dé, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú òkúta náà.

"Margaret kejì," ó kà á, "àbígbẹ̀yìn wọn, ó kú lọ́mọ ọdún mọ́kànlá." Ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Omidan Gauld. Margaret pọ̀ lágbègbè yìí. Ìyá tèmi náà ń jẹ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ."

"Mo mọ̀. Tó bá ṣe pé èmi ni mo nilẹ̀..." Ó dé fìlà ẹ̀ padà.

Eppie bínú sí ara ẹ̀ títí ó fi délé. Ta ló rán an níṣẹ́ fífọ̀? Ó fẹ́ purọ́ fún Dod, ẹnu ẹ̀ kọ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀.

Dod yíjú sí i. "Ta wá ni Margaret tiwa?"

"Mi ò mọ̀, Dod."

"Ibo lẹ máa wá gbé mi sí?"

"Ilẹ̀ ìsìnkú ìjọba wà lẹ́bàá títì. Ó mọ́ tónítóní."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta?"

Eppie tó mọ ìran Farskane bí ẹní mowó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú. Kò rí orúkọ kan dá.